Òkun fún wíwò, ọ̀sà fún eré omi

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Hiace wa, a sì kan bẹ́ẹ̀dì sí i. Nínú oṣù Kejìlá, a fẹ́ wà á láti Ìkòròdú gba etí òkun lọ sí Grand-Popo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí a máa sùn sínú rẹ̀. Àwọn ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún 9. Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nílé ẹ̀kọ́, òkun náà ni wọ́n sì ń pè lójoojúmọ́. Ṣé kò léwu? Ibo la lè sùn? – Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ lọ o, ìrìnàjò náà dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun náà, bí wọ́n tilẹ̀ sunkún.

Omi ilé ẹ̀kọ́ kì í fa ènìyàn. Ní etíkun tiwa yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó dí ìgbì lọ́nà. Gbogbo agbára tó kó bọ̀ láti àárín Àtìláńtíìkì, orí yanrìn ló ń dà á sí. Omi tó gun yanrìn yóò sì padà, ojú ọ̀nà tóóró kan ló máa ń gbà. Ìgbì kì í sábà fọ́ lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bí ẹni pé ó rọ̀ jù.

Irú ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi wọ̀ lẹ́bàá Àgbádárìgì lọ́dún 2011. Omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti mú aṣọ ìnura. Kí n tó nàró, orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, ó ti jìnnà. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe dìde, ó ń pariwo ní èdè Ògù, ó sì ń na ọwọ́ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ọmọ náà kò gbọ́ Ògù, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ náà. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ibi tó sì ti jáde jìnnà sí wa débi pé sísáré ni mo sáré lọ bá a. Mo ṣì ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń gbá ara wọn.

Ohun tí bàbá yẹn mọ̀ ni kí ẹ kọ́ àwọn ìbejì kí ẹ tó kúrò nílé, torí ìgbì lè gbá ẹni tó kàn dúró létí omi. Bí omi bá fà ọ́, má bá a jà, má dojú kọ èbúté. Fẹ̀yìn lé omi, mí, na ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi jọ̀wọ́ rẹ, kí o tó yà wálé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé wọn lọ́wọ́ òfo. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé lẹ́nu pa, tí ẹ so okùn mọ́, kó wà nítòsí yín nígbà gbogbo, kí ẹ lè jù ú sí wọn.

Ọ̀sà ni ẹ ó ti rí eré omi. Lẹ́yìn Kútọnu, ẹ yà sí Ganvié lórí adágún Nokoué. Àwọn tó ń sá fún akónilẹ́rú ló tẹ̀ ẹ́ dó, orí òpó ni ilé wọn wà títí di òní, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ti ń nájà. Ní Grand-Popo, òkun wà lápá kan, omi odò Mónò wà lápá kejì. Ẹ gba atukọ̀ kan ní ìdájí, kó tù yín lọ síbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ẹ ó rí àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹ wò ó láti inú ọkọ̀. Ẹ má wọ omi níbi tí méjèèjì ti pàdé. Bí ìjàpá òkun bá gòkè wá yé ẹyin lóru, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n wọlé láàárọ̀, ẹ tọrọ àyè kí àwọn ọmọ bá wọn di okùn mú. Inú wọn yóò dùn gan-an.

Ní ti oorun, ẹ má gbé bọ́ọ̀sì sórí yanrìn. Yanrìn á gbé táyà mì, ibi tó dá páropáro kò sì yẹ ọmọdé lóru. Ẹ bá ilé ìtura kan dúnàádúrà, kí ẹ gbé e sínú ọgbà wọn, kí ẹ sì san owó sẹ́fà wọn. Ẹ má dá iná èédú sínú ọkọ̀, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára wọn kì í rùn, ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé ó ti wọlé. Ìwé ọkọ̀, ìwé àjẹsára ibà pọ́njú àti ìwé ìdánimọ̀ àwọn ọmọ, ẹ kó wọn sínú àpò kan fún bọ́dà Sẹ̀mẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí ẹ lè bá lọ́wọ́ atukọ̀ lè jẹ́ ti àgbà. Èkó ni kí ẹ ti ra ti àwọn ọmọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn nínú ilé, kí ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ sì di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí, ó ti tóbi jù, ẹ dá a padà.