Kókó ọmú tí kò dunni: ṣé ká ṣì máa wò ó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 43, ń gbé ní Iléṣà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú wọn òsì. Kò dùn wọ́n, wọ́n sì ń ṣe òwò wọn lọ. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní ká fọkàn balẹ̀, pé jẹjẹrẹ ì bá ti máa dùn wọ́n. Ṣé ká ṣì máa wò ó?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má wò ó níran mọ́. Bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe sábà ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí ìrora. Nígbà tó bá fi máa di egbò, ó sábà máa ń ti dé abíyá tàbí kó ti kọjá ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ fífọwọ́ kàn án lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Tó bá sì ti lé ní oṣù mẹ́ta láàárín ìgbà tí àmì yọ àti ìgbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, àǹfààní àtiyè máa ń dín kù.

Ẹni tó rí kókó tiẹ̀ máa ń fura. Jẹjẹrẹ ọmú tí kò ní kókó ló tún ń tanni jẹ jù. Irú kan máa ń fara hàn ní orí ọmú bíi làpálàpá: á máa yún, á máa bó, wọ́n á sì máa fi ìpara pa á fún oṣù pípẹ́. Tó bá jẹ́ orí ọmú kan ṣoṣo, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dá jáde lórí ọmú, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, kókó abíyá, àti awọ ọmú tó ki, tó rí bí èèpo ọsàn.

Ti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń dùn mí jù. Ọmú á wú, á pọ́n, gbogbo èèyàn á ní oówo ọmú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà lè rí bẹ́ẹ̀; tí oògùn apakòkòrò ọjọ́ 10 sí 14 ò bá mú un rọlẹ̀ pátápátá, ẹ má gba irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìṣe àyẹ̀wò.

Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà. Abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ló wà. Dókítà á fọwọ́ yẹ ọmú méjèèjì àti abíyá wò, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ (ní ọjọ́ orí tiwọn, mámógráàmù, ìyẹn X-ray ọmú, àti sikáànì), wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbi kókó náà. Abẹ́rẹ́ yìí kọ́ ló ń mú jẹjẹrẹ tàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà wọ́n. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ béèrè àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 (àwọn èròjà tó lè wà lára jẹjẹrẹ náà), torí òun ló ń sọ irú oògùn tó máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàárín ọjọ́ 60 tí aláìsàn bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ elétò ìlera, ó yẹ kí wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni kàn gé kókó náà jù nù. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n máa gbé ẹran náà lọ fún àyẹ̀wò, àti bóyá fọ́málínì (omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́) wà nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ kí ẹran náà tó wọ inú fọ́málínì; omi lásán á bà á jẹ́. Bí wọ́n bá jù ú nù, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó jẹ́, títí á fi tún yọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i sílẹ̀, bó ṣe ń tóbi sí, oògùn tàbí àgbo tí wọ́n ti lò, àti ẹbí tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin rí.