Iye méjì lórí ilé bàbá kan ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè nípa ilé bàbá wọn ní abúlé tó wà lẹ́yìn Àjàáwà, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹni àkọ́kọ́ tó wá díye lé e pè é ní mílíọ̀nù 18, ẹni kejì ní mílíọ̀nù 6 àbọ̀, ẹ wá ń bi wá pé ta ló ń purọ́ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iye náà ṣe.

Iṣẹ́ ìdíyelé ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ilé kan wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ní 2011. Bàbá tó kọ́ ọ wà lára àwọn ará wa tí ìjọba Gánà lé wálé lọ́dún 1969. Tamale ló ti ń tajà. Nígbà tó délé, ó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ sáàárín oko kajú. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ìrókò tí wọ́n gbẹ́nà sí, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì wà níta. Ní gbogbo agbègbè yẹn, kò sí èkejì rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ilé tí kò ní èkejì, kí lẹ fẹ́ fi wé e? Láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ní Takie tàbí Under G, bí wọ́n bá ní kí n díye lé ilé oníyàrá mẹ́ta, màá wádìí èló ni wọ́n ta èyí tó wà ládùúgbò. Lábúlé, ọmọ ló ń jogún ilé, wọn kì í sábà tà á. Èyí tí wọ́n bá sì tà, iye tó wà nínú ìwé àdéhùn lè má jẹ́ iye tí wọ́n san. (Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀.)

Ni mo bá gba ọ̀nà kejì: èló ni yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ lónìí, ká wá yọ ohun tí ogbó ti jẹ nínú rẹ̀ kúrò. N kò rí ẹni tó ṣì lè mọ ògiri amọ̀ dé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, nítorí náà bùlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni mo fi ṣírò. Mílíọ̀nù 9 ló jáde. Inú àwọn ọmọ bàbá dùn, inú tèmi náà dùn.

Ọdún méjì gbáko, kò sẹ́ni tó ná an. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó fẹ́ sin adìyẹ ti Ìbàdàn wá, ó ní mílíọ̀nù 3 àbọ̀ lòun máa san. Ilẹ̀ àti kajú ló wù ú. Ilé tí mò ń fi yangàn, owó tí yóò fi wó o ló ń rò. Àwọn ọmọ gbà. Ọjọ́ tá a fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ni ìyá àgbà kan nínú ilé béèrè pé, “Bàbá tó wà ní pálọ̀ wá ńkọ́?” Sàréè bàbá ló wà lábẹ́ ẹní! Mo ti wọn pálọ̀ yẹn, mo kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ká ẹní. Ará Ìbàdàn mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kì í tẹ́ téèpù sílẹ̀ kí n tó béèrè ta ni wọ́n sin síbẹ̀, ta ni olórí ẹbí, ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti ibi tí pèrègún ààlà wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mò ń gun àjà lọ wo ikán.

Ó dà bíi pé ẹni tó sọ mílíọ̀nù 18 fún yín ṣírò owó ìkọ́lé, ẹni kejì sì ń wo ẹni tó lè rà á. Bí ọ̀nà ìjọba bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, irú ìṣirò ti ẹni àkọ́kọ́ lẹ nílò: lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ilé àti igi tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan wá. Ẹ ka kajú yín níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ títà, ti ẹni kejì ni kẹ́ ẹ dì mú. Bó bá jẹ́ láti fi yáwó ní báńkì, bí kò bá sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú yín ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ parí ìjà ìdí-igi (kí ẹ pín in ní iye ìyàwó bàbá) àti orí-ò-jorí (kí ẹ pín in ní iye ọmọ) láàárín ara yín. Adíyelé ò lè bá yín pín ogún.

Ilé ọ̀nà Ìkòyí yẹn ṣì dúró. Àbígbẹ̀yìn bàbá ló padà san mílíọ̀nù 3 fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Páànù nìkan ló pààrọ̀, ẹní ṣì wà ní pálọ̀.