Ìgúnpá tó ń dun ẹni tó ń gbé irin: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìnira, arákùnrin mi. Ẹ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá ọ̀tún yín ti ń dùn yín bí ẹ bá ń fa ara yín sókè lórí ọ̀pá tàbí tí ẹ bá ń ká dọ́ńbẹ̀ẹ̀lì, ẹ sì béèrè bóyá kí ẹ pa irin gbígbé tì pátápátá tàbí kí ẹ máa bá a lọ, àti bóyá bẹ́líìtì ìgúnpá tí wọ́n ń tà lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín, nítorí pé ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn, àìsàn tí wọ́n ń pè ní tennis elbow, oṣù mẹ́rìnlá ló sì fi bá mi fínra. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ṣe pa á tì, ṣùgbọ́n irin tí ẹ ń gbé báyìí kọ́ ni kí ẹ máa gbé lọ.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, mo sì ti ń gbé irin láti ìgbà tí a ṣì ń rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà méjì tí a ó fi ọ̀pá so wọ́n pọ̀. Bí eré ni ìrora yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé jímù ní Bódìjà, tí ara mi ti gbóná, n kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò tó sọ òótọ́ fún mi, nígbà tí mo bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò omi. Mo fi Aboniki ra á, mo fi òrí ra á, ìyá mi tilẹ̀ fi aṣọ tí ó rì bọ omi gbígbóná jó o. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì yọ ẹyọ kílò kan kúrò nínú irin tí mo ń gbé.

Ilé-ìwòsàn tí mo wá gbà lọ, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀; mo san owó káàdì ní ojú fèrèsé kan, wọ́n ní kí n lọ fi rìsíìtì rẹ̀ hàn ní ojú fèrèsé kejì, ẹni tó yẹ kó wà ní ojú fèrèsé kejì sì ti lọ jẹun. Ó kọjá aago méjì ọ̀sán kí n tó rí dókítà, ọ̀gbẹ́ni náà kò sì fi ọwọ́ kan ìgúnpá mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń kọ̀wé lọ. Ó ní kí n lọ ya X-ray, bẹ́ẹ̀ sì ni egungun ni X-ray máa ń fi hàn, kì í fi iṣan tó so mọ́ egungun hàn. Nígbà tí èsì rẹ̀ dé pé kò sí ohun tó ṣe egungun mi, ó wò mí bí ẹni tó ń purọ́, ó kọ oògùn ìrora diclofenac fún mi, ó sì ní ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kò ní ohun tó ń wá nídìí irin. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, nítorí pé àwa tí a wà láàárín ọdún 35 sí 55 ni àìsàn yìí máa ń mú jù, ìbáà jẹ́ a ń gbé irin, ìbáà jẹ́ a kò gbé e rí.

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò fi ọwọ́ kan irin, tí mo ń lo diclofenac títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ìrora náà lọ. Mo padà sí jímù, mo gbé iye tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti padà dé, ó mú èlé wá. Ìsinmi yẹn ti jẹ́ kí iṣan tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ túbọ̀ di ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe dókítà aládàáni kan fún mi, pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni yóò gún mi. Ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí, nítorí pé wọn yóò fi lọ ẹ̀yin náà. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì ni, oògùn tó máa ń tètè pa wíwú àti ìrora. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, kò sí ìrora mọ́, mo sì ń yin dókítà náà kiri ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé irin bí ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo kan ìdin nínú iyọ̀.

Orí ife tíì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ìka mi tú fúnra rẹ̀, tíì sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò lè yí kọ́kọ́rọ́, n kò lè fún aṣọ, n kò sì lè kọ ìlà mẹ́ta sí ojú pátákó kí n má fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ró. Bí mo bá wọ Micra ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó bá jókòó tì mí ni mo máa ń bẹ̀ pé kó bá mi pa ilẹ̀kùn dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo di okùn jẹnẹrétọ̀ mú, mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti ìṣó gbígbóná bọ ìgúnpá mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló jáde wá tó fi ẹsẹ̀ kan ti jẹnẹrétọ̀ náà, tó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kejì. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo ọwọ́ mi, ó wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kàwé. Àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà ti kó ènìyàn 198 tí àìsàn yìí ń ṣe jọ, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní BMJ lọ́dún 2006. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, wọ́n fi àwọn kan sí abẹ́ àwọn onífísíò, tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù kàn máa ṣọ́ ọ bóyá yóò san fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni ara wọn yá jù. Ṣùgbọ́n nínú 65 lára wọn tí ara wọn ti yá, 47 ni ó tún padà bá, nígbà tí ọdún sì fi máa yí po, àwọn tó ṣe físíò ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí ìwé yìí ti jáde kí dókítà yẹn tó gún mi. Kò sọ ọ́.

Tennis elbow ni wọ́n ń pè é, bí mo ṣe sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe kò di ràkẹ́ẹ̀tì mú rí. Àwọn iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè ló pàdé, tí wọ́n sì so mọ́ egungun kékeré tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá, àwọn náà ló sì ń mú ọrùn ọwọ́ dúró ṣinṣin nígbàkígbà tí a bá di nǹkan mú gírígírí. Ìdí nìyẹn tí fífa ara sókè lórí ọ̀pá fi ń dùn yín. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ wíwú mọ́. Ńṣe ni fọ́nrán iṣan náà ń tú bí okùn kànga tó ti gbó, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ni kì í tètè san. Oògùn lè pa ìrora rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ́ okùn náà padà. Ẹrù tí a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ́ ọ padà.

Yunifásítì Ìbàdàn yìí ni yunifásítì tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní físíò ní Nàìjíríà, lọ́dún 1966, síbẹ̀ oṣù mẹ́jọ ni mo fi rìn káàkiri ìlú yìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé onífísíò ni kí n lọ rí. Obìnrin tó tọ́jú mi fi ìka tẹ egungun náà, ó ní kí n na ọwọ́, kí n dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ó tẹ ìka mi àárín wálẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e sókè, mo pariwo. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ohun tó ní kí n máa ṣe kò le. Ẹ gbé apá lé orí tábìlì, kí ọrùn ọwọ́ yọ kọjá etí rẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, kí ẹ sì mú dọ́ńbẹ̀ẹ̀lì kílò méjì dúró láìmì fún ìṣẹ́jú àáyá 45, lẹ́ẹ̀márùn-ún, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kejì gbé e sókè kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta, kí ẹ máa fo ọjọ́ kan. Ìyókù ẹ ti mọ̀: ẹ máa fi irin kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi òdo sí 10 díwọ̀n ìrora, kò burú bó bá dé 3, bí kò bá ṣáà ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá le, irin ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ má retí ohun kan gúnmọ́ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé.

Ní ti irin yòókù, ti ẹsẹ̀ kò kan ìgúnpá yín rárá, ẹ máa bá a lọ. Ẹ dín ohun tí ẹ ń fà kù sí ìdajì, ẹ sì lo okùn tí a ń wé mọ́ ọwọ́ àti irin kí ìka yín má baà máa fún ọ̀pá pa. Ẹ fi fífa ara sókè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ń ká dọ́ńbẹ̀ẹ̀lì, kí àtàǹpàkò wà lókè, bí ẹni di òòlù mú. Nílé pẹ̀lú, ẹ máa da àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa bá yín fa jẹnẹrétọ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò béèrè. Ọ̀pọ̀ wa, bí ibà bá ti ṣe wá, a ó sáré lọ sí kẹ́míìsì lọ ra ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, pé táífọ́ọ̀dù ni. Lọ́dún 2008, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára oògùn yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀, pé wọ́n lè ba irú iṣan tí à ń sọ yìí jẹ́, kódà kó já, pàápàá lára ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tàbí tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Èmi lò ó lóṣù kan náà tí mo gba abẹ́rẹ́. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n n kò dárí jì í. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ ti ìgúnpá yín fún un; ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì gbà kí ẹni tó ń to eegun fa ọwọ́ yín, èyí tí ẹnì kan fà fún mi gba ọjọ́ mẹ́wàá oorun lọ́wọ́ mi. Bí ìka bá ń kú tàbí tó ń ta yín, tàbí tí ìrora bá ń ti ọrùn sọ̀kalẹ̀ wá, àìsàn mìíràn nìyẹn; ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bẹ́líìtì tí ẹ béèrè. Ó ń dín ìrora kù nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra tèmi ní Dùgbẹ̀, oṣù kan gbáko ni mo sì fi wọ̀ ọ́ sórí egungun náà gan-an, èyí tó lòdì: ìwọ̀n ìka méjì sí ìsàlẹ̀ egungun ni kí ẹ so ó sí, lórí ẹran apá, kí ó má fún jù, kí ẹ sì bọ́ ọ bí ẹ bá ti kúrò nídìí irin.