Ìbéèrè Yín: Irin Wo Ni Kí N Fi Ṣe Ọ̀bẹ Tó Ń Ká, Tó Sì Ní Lọ́ọ̀kì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èèkù, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá ti ṣí tán á há, kò ní lè ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo ti bèèrè títí ó ti sú mi. Ẹnì kan ní àfi S30V, ẹlòmíì ní D2, ẹnì kẹta ní kí n kàn wá fáìlì àlòkù kí n lọ̀ ọ́. Iná gáàsì kékeré kan àti óófùnù ìdáná ni mo ní. Èwo ni kí n rà, ṣé mo sì lè fi irin kan náà ṣe ọ̀bẹ àti lọ́ọ̀kì ẹ̀?
Èmi àbúrò yín, Ọwọ́ Dúdú

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o sọ irú iná tó o ní, torí ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi kì í sọ ọ́, orúkọ irin nìkan ni wọ́n ń bi mí. Iná tó wà lọ́wọ́ ẹ ló máa yan irin fún ẹ.

Jẹ́ ká tètè gbé S30V kúrò ńlẹ̀. Mi ò bú u o, irin gidi ni, chromium, èyí tó ń dènà ìpẹtà, jẹ́ 14%, vanadium 4%, ojú ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú. Ṣùgbọ́n iná tó lé ní 1,000°C ló ń fẹ́, kó sì dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kó má lọ sókè kó má wálẹ̀, gáàsì tìẹ ò lè ṣe é, àti pé òkúta tá a fi ń pọ́nbẹ lásán á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. D2 náà ò yàtọ̀, òun ń fẹ́ nǹkan bí 1,010°C, chromium ẹ̀ tó 12% lóòótọ́ àmọ́ ó ṣì ń dípẹtà, torí kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú chromium ọ̀hún mọ́ra. Fáìlì àlòkù ńkọ́? Òmíì le dénú, òmíì ara ẹ̀ lóde nìkan ló le, wàá sì ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kó o tó mọ èyí tó o mú.

1084 ni kó o rà. Kábọ́ọ̀nù ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.84%, kò sí nǹkan púpọ̀ mìíì nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbọ́ràn. Bó o ṣe ń fi iná sí i, máa fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, tó bá ti dé nǹkan bí 770°C mágínẹ́ẹ̀tì ò ní fà á mọ́, wá fi iná kún un díẹ̀ sí i, dé bíi 815°C, kó o kì í bọ òróró canola tó o ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ dé nǹkan bí 50°C. Ṣóńṣó ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, tó o bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó máa wọ́. Tó o bá fa fáìlì lé e tí fáìlì ń yọ̀, ó ti le nìyẹn, àmọ́ bó ṣe wà yẹn bí gíláàsì ló rí, tó bá já bọ́ ó lè kán, torí náà má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá a, gbé e sínú óófùnù ní 200°C fún wákàtí méjì, jẹ́ kó tutù, tún gbé e padà fún wákàtí méjì mìíì. Gbogbo ihò ẹ̀, pàápàá ihò píìnì tó ń yí lórí ẹ̀, kó o tó fi iná sí i ni wàá ti lu ú. Mo gbàgbé ihò kan rí, ẹnu dírílì mẹ́ta ló kú sórí ẹ̀.

Wàhálà 1084 ò ju ìpẹtà lọ. Inú àpò ni ọ̀bẹ yìí á máa gbé, òógùn á máa kàn án, omi á wọ ibi píìnì tí àkísà ò lè dé, àfi kó o máa kán epo sí i déédéé. Kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù, Opinel, ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kan nílẹ̀ Faransé, ṣì ń fi irin kábọ́ọ̀nù ṣe ọ̀bẹ tó ń ká. Tó ò bá lè ṣe wàhálà epo, ra AEB-L, irin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún abẹ ìfárí, chromium 13%, gé e, lu ihò ẹ̀ tán, kó o fún àwọn tó ní ààrò gidi kí wọ́n bá ẹ mú un le.

Ó wá ku ti lọ́ọ̀kì, òun gan-an ni mo ṣe mú lẹ́tà ẹ. Ọ̀bẹ ń fẹ́ líle kó lè mú. Lọ́ọ̀kì ń fẹ́ kó tẹ̀ kó sì padà, lójoojúmọ́, kó má kán. Èmi náà gé méjèèjì lára irin kan ṣoṣo rí, mo fi iná kan náà sí wọn, mo tò ó pọ̀, ó wù mí débi pé mi ò lè sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ lọ́ọ̀kì yẹn kí n lè ká a, mo gbọ́ “pó!”, ìdajì ẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ tábìlì. Tó bá jẹ́ lockback lo fẹ́ ṣe, ìyẹn èyí tí sípíríńgì ẹ̀yìn èèkù ń há ọ̀bẹ, 1084 náà lè ṣe sípíríńgì ẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá ti mú un le tán, wàá dá a padà sínú iná tó ju 200°C tó o lò fún ọ̀bẹ lọ dáadáa, kó wálẹ̀ dé 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Rockwell, tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe le tó, nígbà tí ọ̀bẹ fúnra ẹ̀ wà ní nǹkan bí 60. Tó bá jẹ́ liner lock, ìyẹn irin pẹlẹbẹ inú èèkù tó ń ta sí ìdí ọ̀bẹ kó má lè ká, ra titanium pẹlẹbẹ tó nípọn tó 1.5 mm, kò nílò iná rárá, wàá kàn gé e, tẹ̀ ẹ́ síbi tó o fẹ́, á sì máa ta padà. Ìdí ọ̀bẹ tí titanium yẹn máa ń há mọ́, lọ̀ ọ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 7 sí 10 digíríì, má sì jẹ́ kí titanium wọlé ju ìdajì lọ tó bá há, torí bó ṣe ń jẹ lọ ló máa nílò àyè láti rìn sí.

Tó bá sì jẹ́ pé èyí ni àkọ́kọ́ ẹ, èmi á ní kó o fi òrùka tì í, ìyẹn òrùka irin lórí èèkù tó o máa yí kó lè dí ọ̀bẹ lọ́nà. Opinel fi òrùka tó ń yí sórí tiwọn ní 1955, ó sì wà lórí ẹ̀ dòní. Kò sí sípíríńgì kankan níbẹ̀ tó máa kán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mò ń lọ ọ̀bẹ mi lórí máṣíìnì, ṣóńṣó ẹ̀ di búlúù. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ irin kábọ́ọ̀nù, ibi tó di búlúù yẹn ti gbóná tó nǹkan bí 300°C, ó ti rọ̀. Lọ̀ ọ́ dànù tó bá kéré, tó bá pọ̀, padà sídìí iná àti òróró. Lọ́jọ́ mìíì, má wọ ìbọ̀wọ́ tó o bá ń lọ ọ̀bẹ, kó o máa tì í bọ omi ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń jó ẹ lọ́wọ́.