Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ga ju alàgbà lọ láyé àwọn àpọ́sítélì?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ alàgbà ní ìjọ wa. Owó tí wọ́n ní kí n mú wá pọ̀. Wọ́n ní ipò kejì sí bíṣọ́ọ̀bù ni, bí àwọn àpọ́sítélì ṣe tò ó nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán. Ọ̀rọ̀ owó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "ipò kejì" yìí, torí ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ẹ̀.

Ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Ní ẹsẹ 17, Pọ́ọ̀lù wà ní Mílétù, ó ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà ìjọ Éfésù. Ní ẹsẹ 28, ó sọ fún àwọn èèyàn yìí kan náà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi wọ́n ṣe alábòójútó. Episkopos ni ọ̀rọ̀ yẹn lédè Gíríìkì, ibẹ̀ la ti rí bíṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó wọlé bá wọn láàárín ẹsẹ méjèèjì o! Títù orí 1 náà ńkọ́? Alàgbà ló wà ní ẹsẹ 5, ó di alábòójútó ní ẹsẹ 7. Nínú ìjọ ìlú Fílípì kan ṣoṣo, alábòójútó tún ju ẹyọ kan lọ. Bá a ṣe ń pe ọkùnrin kan ní bàbá, tá a tún ń pè é ní olórí ẹbí nìyẹn. Ẹni méjì kọ́.

Inú lẹ́tà Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí àwọn ṣọ́jà ń mú lọ sí Róòmù láti lọ pa, la ti wá rí ìpínyà náà kedere, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì: bíṣọ́ọ̀bù kan, àwọn alàgbà, àwọn díákónì. Síbẹ̀, nígbà tó ń kọ̀wé sí ìjọ Róòmù, kò dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kankan. Mi ò ní kí ìjọ má ní bíṣọ́ọ̀bù o. Ìjọ tèmi náà ní.

Ó wá ku owó. Didache, ìwé ìlànà àwọn Kristẹni ìgbàanì, ní kí ìjọ yan alábòójútó àti díákónì tí kò fẹ́ràn owó. Àpọ́sítélì arìnrìn-àjò tó bá sì ń tọrọ owó, ó ní wòlíì èké ni. Ẹ tún wo ibi tí owó ìjọ ń lọ: ní nǹkan bí ọdún 251, alàgbà 46 ló wà ní Róòmù, opó àti aláìní tí ìjọ ń bọ́ sì lé ní 1,500.

Mi ò mọ òfin ìjọ yín, mi ò sì kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.