Èsì: Ọmọ ọdún 15 tó sanra, BP ẹ̀ ga

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mummy. Ẹ ní wọ́n wọn BP ọmọ yín ọkùnrin ní kẹ́mísì ó jẹ́ 134/86, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọmọdé lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru torí pé ó sanra. Ó lè ní i o. Láti ọdún 13 lọ sókè, tó bá ti tó 130/80 wọ́n ti kà á sí gíga, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ò tó, ó gbọ́dọ̀ ga lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí dókítà tó sọ pé òun ni. Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tí wọ́n ń dì mọ́ apá yẹn, torí tí apá ọmọ bá tóbi tí nǹkan yẹn sì kéré, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì jókòó jẹ́ẹ́ fún mínítì márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ má gbà fẹ́ni tó bá ní ara ìgbádùn ni ṣá. Sísanra ń mú kí kíndìnrín máa dá iyọ̀ dúró sára, ọkàn náà á sì máa ṣe wàhálà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má febi pa á o, ó ṣì ń dàgbà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó dùn mí tí mo bá rí i. Mínírà, núdù alaalẹ́, mági inú ọbẹ̀, ẹ dín wọn kù fún gbogbo ilé, kó máa gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ó máa ń hanrun? Ẹ sọ ìyẹn fún dókítà, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un ní oògùn BP àgbàlagbà kankan nílé.