Saoirse: Báwo La Ṣe Ń Pè É, Ṣé Ó Sì Ti Wọ́pọ̀ Jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dublin ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, mo máa tó bímọ, wọ́n sì ti sọ fún wa pé obìnrin ni. Saoirse, orúkọ àwọn ará Ireland níbí, ló wù mí láti fi kún orúkọ ẹ̀. Ọkọ mi ní orúkọ tí màmá òun ò ní lè pè kì í ṣe orúkọ, ó ní tó bá pọn dandan ká kúkú kọ ọ́ ní Sirsha kí gbogbo èèyàn lè rí i kà. Ẹ̀rù tó ń ba èmi yàtọ̀ o, ó dà bíi pé ó ti wọ́pọ̀ jù, ibi gbogbo ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, ẹ kú ìmúra o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Síírṣà ni. Àwọn kan ń pè é ní Sẹ́rṣà, àwọn ará Munster ní gúúsù Ireland máa ń sọ pé Séérṣà, kò sí àṣìpè nínú wọn. Òṣèré nì, Saoirse Ronan, tí wọ́n ti yàn fún Oscar lẹ́ẹ̀mẹrin, Sẹ́rṣà lòun ń pe tiẹ̀, àlàyé ẹ̀ sì pọ̀ débi pé nígbà tó ṣe atọ́kùn Saturday Night Live, ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní 2017 ńṣe ló fi kọrin.

Mi ò bá ọkọ yín wí, torí ẹni tó bá fojú Yorùbá kà á, Sa-o-i-ri-se ló máa pè. Àmọ́ àwọn lẹ́tà yẹn ò kàn jókòó síbẹ̀ lásán. "Aoi" yẹn dúró fún í tó gùn, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò àmì kankan lórí, ó tiẹ̀ sàn fún yín torí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì míì máa ń gé àmì orí Seán àti Siobhán jù nù. S tó bá sì ṣáájú e tàbí i nínú èdè Irish, ṣ ni, iṣẹ́ tí àmì abẹ́ ṣ tiwa ń ṣe gẹ́lẹ́ ni e ìparí yẹn ń ṣe. Òun ló sọ Seán di Ṣọ́ọ̀n. Kódà àwọn náà lo àmì tótó rí, ḃ ni wọ́n ń kọ látijọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ bh báyìí, orí lẹ́tà ni tiwọn máa ń wà, kó tó di pé h gba ipò ẹ̀ (ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu).

Torí náà mi ò fọwọ́ sí Sirsha o! Ní Dublin tẹ́ ẹ wà yẹn, nọ́ọ̀sì, tíṣà, gbogbo wọn ló mọ Saoirse, Sirsha gan-an ni wọ́n á máa béèrè bí wọ́n ṣe ń sípẹ́lì ẹ̀. Tí màmá bá ni, ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Sííṣà ò le lẹ́nu Yorùbá, kí r yẹn máa lọ.

Ti pé ó wọ́pọ̀, ó dọwọ́ ibi tẹ́ ẹ bá wà. Ní Ireland ó wà lára orúkọ 100 tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin jù, ní Amẹ́ríkà 2016 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú 1000. Kì í sì í ṣe orúkọ àtayébáyé bíi Niamh, òmìnira ló túmọ̀ sí, àsìkò tí wọ́n ń bá Britain jà fún òmìnira, nǹkan bí ọdún 1920, ló bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ ọmọ. CSO, àjọ ìṣirò ìjọba Ireland, máa ń gbé orúkọ jáde lọ́dọọdún, èyíkéyìí tí ọmọ 3 bá ti jẹ́ lọ́dún yẹn máa wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ níbi gbogbo, etí yín ló ṣí sí i, bí aláboyún ṣe máa ń rí aláboyún káàkiri.

Ẹ ṣáà jọ mú ọ̀kan nínú Síírṣà àti Sẹ́rṣà, kí bàbá má máa pe ọ̀kan kí ìyá máa pe èkejì. Oṣù 3 lẹ́yìn ìbí ni òfin ibẹ̀ fún yín láti forúkọ sílẹ̀, àyè ṣì wà láti jà á tán.